Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ẹ́ kó lọ sí Èkó, ẹ má fi owó òwò san owó ilé

Kò sí ọdún kan tá ò ní í rí àwọn oníṣòwò kéékèèké àtàwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tí wọ́n ń kẹ́rù wọn láti Òṣogbo, Àkúrẹ́, Ìlọrin, Ìbàdàn tàbí Adó-Èkìtì, tí wọ́n ń forí lé Èkó. Ohun tí wọ́n ń wá lọ ò ṣòroó mọ̀. Èrò pọ̀ l'Ékòó, owó ń yí níbẹ̀, oníbàárà tó lè rán aṣọ márùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà sì wà níbẹ̀. Télọ̀ ń lọ, onídìrí ń lọ, mẹkáníìkì ń lọ, ẹni tó ń yan búrẹ́dì náà ń lọ. Àmọ́ kí ọ̀pọ̀ nínú wọn tó rí oníbàárà àkọ́kọ́, onílé ti gba owó tí wọ́n fẹ́ẹ́ fi ṣòwò lọ́wọ́ wọn.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ẹ̀yin oníṣòwò sọ lónìí ò gùn. Àgbẹ̀ tó bá se èbù jẹ, kí ló fẹ́ẹ́ gbìn lọ́dún tó ń bọ̀? Owó tẹ́ ẹ kó jọ láti fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nílùú tuntun, èbù ni. Mo mọ̀ pé ibi téèyàn máa sùn ṣe pàtàkì, ẹni tí ò bá sùn dáadáa ò lè ṣiṣẹ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n bí owó ilé bá jẹ èbù tán, ilé náà ò ní í pẹ́ bọ́ lọ́wọ́ yín, torí kò ní í sí iṣẹ́ tẹ́ ẹ máa fi san owó mìíràn nígbà tó bá tún yí po.

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò wò ó. Ká sọ pé télọ̀ kan ní ₦1,500,000 lọ́wọ́, tó sì rí yàrá kan àti pálọ̀ tí wọ́n ní owó ẹ̀ jẹ́ ₦500,000 lọ́dún. Onílé ní owó ọdún méjì lòun ń gbà. Ìyẹn ti di mílíọ̀nù kan náírà. Ejẹ́ǹtì ní ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ni kọmíṣàn tòun, wọ́n tún ní kó san ìdá mẹ́wàá mìíràn fún àgírímẹ́ǹtì. Torí pé orí owó ọdún méjì ni wọ́n ti ṣírò ẹ̀, ₦100,000 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú méjèèjì. Onílé tún ní kó mú ₦50,000 wá fún dámejì, nítorí ohun tó bá bà jẹ́ nínú ilé. Lápapọ̀, ₦1,250,000 ti lọ. ₦250,000 ló kù tí télọ̀ wa fẹ́ẹ́ fi gba ṣọ́ọ̀bù, tó fẹ́ẹ́ fi ra ẹ̀rọ, tó fẹ́ẹ́ fi ra òwú àti bọ́tìnnì, tó sì tún fẹ́ẹ́ máa fi jẹun títí oníbàárà á fi dé.

Ká ní owó ọdún kan péré ni wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹ̀ ni, ₦650,000 ni gbogbo ẹ̀ ì bá jẹ́, ₦850,000 ì bá sì kù fún iṣẹ́. Ìyàtọ̀ ₦600,000 yìí ló ń pinnu bóyá ṣọ́ọ̀bù máa ṣí àbí kò ní í ṣí. Onílé ti rí owó tiẹ̀, ejẹ́ǹtì ti rí tiẹ̀, lọ́yà ti rí tiẹ̀. Ẹni tó lowó nìkan ni ò tíì rí nǹkan kan.

Ohun tó ń dun èèyàn jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé òfin wà. Lọ́dún 2011, nígbà tí Babátúndé Fáṣọlá jẹ́ gómìnà, ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin tó de onílé àti ayálégbé. Òfin náà ní onílé ò gbọ́dọ̀ gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ẹ́ gbalé. Ẹni tó ti ń gbé inú ilé tẹ́lẹ̀, bó bá jẹ́ oṣooṣù ló ń san, onílé ò gbọ́dọ̀ gbà ju ti oṣù mẹ́fà lọ lẹ́ẹ̀kan; bó bá jẹ́ ọdọọdún ló ń san, kò gbọ́dọ̀ ju ọdún kan. Ẹni tó bá rú òfin yìí lè san ₦100,000 owó ìtanràn tàbí kó lọ ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta.

Nǹkan méjì wà nínú òfin yìí tí ọ̀pọ̀ oníṣòwò ò mọ̀. Èkíní, òfin náà ò mọ sórí ilé gbígbé nìkan, ó kan ṣọ́ọ̀bù àti ibi ìṣòwò. Ìkejì, kì í ṣe onílé nìkan ló ń mú. Ayálégbé tuntun tó bá lóun fẹ́ẹ́ san ju owó ọdún kan lọ, òun náà ti rú òfin. Àwọn ibi tí òfin náà yọ sílẹ̀ ni Apápá, Ìkòyí, Victoria Island àti GRA Ìkẹjà. Kò jọ pé ẹni tó ń wá yàrá kan àti pálọ̀ ló fẹ́ẹ́ lọ wá a síbẹ̀ ṣáá o. Torí náà, láti Agége dé Ìkòròdú, láti Muṣin dé Ọ̀jọ́, òfin ló wà lẹ́yìn ẹni tó bá ní owó ọdún kan lòun máa san.

Kí ló wá dé tí wọn ò fi tẹ̀ lé e? Ká má parọ́, àwọn onílé náà ní ẹjọ́ tiwọn. Símẹ́ńtì ti gbówó lórí, irin ti gbówó lórí, ẹlòmíì sì fi owó ìfẹ̀yìntì ẹ̀ kọ́ ilé tó ń fi jẹun. Wọ́n á ní ayálégbé tó bá san ọdún kan, ọdún kejì ni wàhálà á bẹ̀rẹ̀, ó sì lè pẹ́ gan-an ní kóòtù kí wọ́n tó lè lé e jáde. Gbogbo ẹ̀ ni mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá gba owó òwò ẹ̀ lọ́jọ́ tó wọlé, òun gan-an ló máa di agbèsè lọ́jọ́ iwájú. Onílé tó gba ọdún méjì lọ́wọ́ oníṣòwò kékeré fọwọ́ ara ẹ̀ dá ayálégbé tí ò ní í rówó san sílẹ̀ ni.

Èyí tó tún ń bí mi nínú ni tàwọn aláṣẹ. Òfin tó ti wà láti ọdún 2011, tó jẹ́ pé ojoojúmọ́ ni wọ́n ń rú u lójú gbogbo ayé, òfin orí ìwé ni. Ẹni tó bá lọ fẹjọ́ sùn mọ̀ pé ilé tóun ń wá máa bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì kí òun tó dé. Ìyẹn ni ò fi yẹ kí ìjọba máa dúró dìgbà tí ayálégbé bá wá sunkún. Kí wọ́n jẹ́ kó di dandan pé ejẹ́ǹtì tó bá ń polówó ilé, kó kọ iye owó ọdún kan àti gbogbo owó tó tẹ̀ lé e síbẹ̀, kí wọ́n sì fìyà jẹ ẹni tó bá polówó owó ọdún méjì. Ìyẹn ò ná ìjọba ní nǹkan púpọ̀.

Àmọ́ oníṣòwò tó fẹ́ẹ́ kó lọ lóṣù tó ń bọ̀ ò lè dúró de ìjọba. Kí ló yẹ kó ṣe?

Èrò tèmi ni pé kó má gbalé lóṣù tó bá kọ́kọ́ dé. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Iṣẹ́ ni kí oníṣòwò wò kó tó gbalé. Kó lọ bá mọ̀lẹ́bí tàbí ọ̀rẹ́ gbé fún oṣù méjì sí mẹ́ta, kó sì jẹ́ kí wọ́n mọ ọjọ́ tóun máa lọ kí wọ́n má baà máa wò ó níwòkuwò. Bí kò bá ní ẹbí níbẹ̀, kó wá ẹni tí wọ́n jọ ń ṣe iṣẹ́ kan náà, kí wọ́n jọ pín yàrá, kó sì máa dá sówó ilé lóṣooṣù. Ẹgbẹ́ àwọn télọ̀, ẹgbẹ́ onídìrí, ẹgbẹ́ àwọn ọmọ ìlú ẹni, ìjọ àti mọ́sáláṣí, ibẹ̀ lèèyàn ti ń gbọ́ nípa yàrá tó ṣófo kí ejẹ́ǹtì tó gbọ́. Ilé tí èèyàn bá gbà lọ́wọ́ onílé fúnra ẹ̀, owó ejẹ́ǹtì ti kúrò níbẹ̀.

Láàárín oṣù méjì sí mẹ́ta yẹn, á ti mọ ibi tí iṣẹ́ ẹ̀ wà. Ẹlòmíì gbalé sí Ìkòròdú kó tó mọ̀ pé Balógun lòun ti máa máa tajà. Ẹlòmíì gbalé sí Ọ̀jọ́, iṣẹ́ wá bá a ní Kọ̀ǹpútà Fílẹ́ẹ̀jì n'Íkẹjà. Àgbàdo inú ìgò ni ilé tí wọ́n ti san owó ọdún méjì lé lórí fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ilé wà, owó ti wọlé, kò sì lè gbà á padà.

Ibí yìí ni mo ti fẹ́ ká sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ nípa ilé tí wọ́n ń pè ní olówó pọ́ọ́kú. Ká sọ pé ilé kan wà lọ́nà jíjìn tó jẹ́ ₦300,000 lọ́dún, òmíì sì wà nítòsí ibi iṣẹ́ tó jẹ́ ₦500,000. Ojú tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń wò ó ni pé èyí tó jìn fi ₦200,000 pọ́ọ́kú ju èkejì lọ. Àmọ́ bó bá jẹ́ ₦2,000 lèèyàn ń fi wọkọ̀ lọ àti bọ̀ láti ibi tó jìn, tó sì ń ṣiṣẹ́ ọ̀ọ́dúnrún ọjọ́ lọ́dún, ₦600,000 ni owó ọkọ̀. Àròpọ̀ ẹ̀ jẹ́ ₦900,000. Bó bá jẹ́ ₦400 ló ń ná lójúmọ́ láti ibi tó sún mọ́, ₦120,000 ni owó ọkọ̀ ọdún kan, àròpọ̀ ẹ̀ sì jẹ́ ₦620,000. Ilé olówó pọ́ọ́kú ti wá di ọ̀wọ́n. N kò sì tíì ka wákàtí tí wọ́n ń lò nínú sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ o, bẹ́ẹ̀ wákàtí tí télọ̀ bá lò nínú mọ́tò kì í ṣe wákàtí tó fi ń ránṣọ.

Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọwọ́ kúrò nínú owó ìrànwọ́ epo lóṣù karùn-ún ọdún 2023 ni ìṣirò yìí ti wá ṣe pàtàkì ju tàtijọ́ lọ. Ẹni tó bá fẹ́ẹ́ gbé ibi tó jìn, kó tẹ̀ lé ojú irin tàbí ọ̀nà BRT. Ọkọ̀ ojú irin Blue Line tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò lóṣù kẹsàn-án ọdún 2023 ń lọ láti Mile 2 sí Marina. Ẹni tó ń tajà ní Balógun tàbí Ìdúmọ̀tà lè wá ilé sí agbègbè Mile 2 àti Ọ̀jọ́. Red Line tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lóṣù kẹwàá ọdún 2024 ń gba Agbádó, Ìjù, Agége, Ìkẹjà, Oṣòdì, Muṣin àti Yaba dé Oyíngbò. Ẹni tí iṣẹ́ ẹ̀ wà n'Íkẹjà tàbí Yaba, ẹ̀gbẹ́ ojú irin yẹn ni kó wò. Fún ẹni tó bá wà ní Ìkòròdú, bọ́ọ̀sì BRT ní ọ̀nà tiẹ̀ tó gbà dé Mile 12 àti síwájú sí i.

Ọ̀pọ̀ ló tún ń kọjá ààlà lọ sí Mowé, Ìbàfò, Àkútè tàbí Sàngó Ọ̀tà, torí owó ilé ibẹ̀ máa ń fúyẹ́ díẹ̀. Kò burú. Ṣùgbọ́n kí wọ́n rántí pé ìpínlẹ̀ Ògùn làwọn ibẹ̀ yẹn wà, òfin ọdún 2011 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ò dé ọ̀hún. Ìwé àdéhùn tẹ́ ẹ bá fọwọ́ sí ló máa ṣe pàtàkì jù níbẹ̀. Kẹ́ ẹ sì kọ́kọ́ fi àárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè kan wọkọ̀ láti ibẹ̀ dé ibi iṣẹ́ yín, kẹ́ ẹ tó mú owó kan jáde.

Bẹ́ ẹ bá ti wá rí ilé, ẹ má fi ọ̀sán nìkan wò ó. Ẹ lọ lẹ́yìn òjò ńlá, kẹ́ ẹ wo ibi tí àgbàrá gbà. Ẹ padà lọ lálẹ́, kẹ́ ẹ wo bóyá iná wà, àbí jẹnẹrétọ̀ ló ń ké káàkiri. Ẹ béèrè bóyá mítà wà, orúkọ ta ló wà, àti pé gbèsè wo ló wà lórí ẹ̀. Àwọn tó bá fẹ́ẹ́ máa fi ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ nílé, kí wọ́n béèrè irú ẹ̀ka iná tí àdúgbò náà wà. Àwọn tó wà ní Band A ń rí iná ju àwọn yòókù lọ, àmọ́ wọ́n ń sanwó gidi fún un: lóṣù kẹrin ọdún 2024 ni wọ́n gbé owó ẹyọ kan fún wọn láti nǹkan bí ₦68 sí ₦225. Ẹ béèrè omi. Ẹ béèrè bóyá onílé gbà kéèyàn máa ṣiṣẹ́ nínú yàrá, kó sì wà nínú ìwé àdéhùn, kó má baà di pé ẹ̀rọ ìránṣọ tàbí ẹ̀rọ ìlọta ló máa dá ìjà sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àwọn ejẹ́ǹtì ò kéré. Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí bí iṣẹ́ wà, èmi náà sì ti pàdé wọn. Àmọ́ ìgbà kan tí mo ń wá yàrá l'Ékòó, ejẹ́ǹtì kan gba owó fọ́ọ̀mù àti owó ọkọ̀ lọ́wọ́ mi, ó mú mi wo ilé mẹ́ta, èèyàn ṣì ń gbé inú méjì níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì sọ fáwọn yẹn pé wọ́n ń kó jáde. Irú wọn náà ló lè gba owó yàrá kan lọ́wọ́ èèyàn mẹ́wàá. Ìpínlẹ̀ Èkó ní àjọ kan tó ń jẹ́ LASRERA, tó ń mójú tó òwò ilé àti ilẹ̀, tó sì ń forúkọ àwọn ejẹ́ǹtì sílẹ̀. Ẹ béèrè ìwé ìforúkọsílẹ̀ yìí. Ẹ má sanwó ilé láì tíì fojú rí onílé tàbí aṣojú ẹ̀ tó níwèé lọ́wọ́. Ẹ san án gba báńkì, kẹ́ ẹ sì gba rìsíìtì, torí òfin ọdún 2011 yẹn sọ ọ́ di dandan fún onílé láti fúnni ní rìsíìtì tó sọ orúkọ, déètì, iye owó, àti àsìkò tí owó náà kárí.

Ẹ ka ìwé àdéhùn náà délẹ̀ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí i. Oṣù mẹ́fà ni òfin Èkó fún ẹni tó ń san owó lọ́dọọdún gẹ́gẹ́ bíi nọ́tíìsì, bí ìwé àdéhùn ò bá sọ ohun mìíràn. Ibi tí wọ́n ti ń mú èèyàn nìyẹn, wọ́n á ti kọ oṣù kan síbẹ̀, ẹ á sì ti fọwọ́ sí i. Bí wàhálà bá sì ṣẹlẹ̀, kì í ṣe lọ́yà ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jẹ owó yín. Ilé ìpẹ̀tùsááwọ̀ tí ìjọba Èkó dá sílẹ̀ lọ́dún 1999, tí wọ́n ń pè ní Citizens' Mediation Centre, máa ń parí ìjà onílé àti ayálégbé lọ́fẹ̀ẹ́.

Lẹ́yìn téèyàn bá ti wọlé, ọjọ́ kejì ló yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú owó ọdún tó ń bọ̀. Ilé tó jẹ́ ₦500,000, bí èèyàn bá ń dá ₦10,000 lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún àádọ́ta ọ̀sẹ̀, owó ti pé. Kó dá a sí àjọ tàbí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tó fọkàn tán, kó má sì jẹ́ kó dà pọ̀ mọ́ owó ọjà. Owó ṣọ́ọ̀bù ni kí òwò san. Owó ilé, nínú owó oṣù téèyàn yàn fún ara ẹ̀ ni kó ti wá. Oníṣòwò tí kì í san owó oṣù fún ara ẹ̀ ò lè mọ̀ bóyá òwò òun ń jèrè àbí òun ló ń jẹ òwò.

Mo mọ̀ pé lára ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ka ojú ìwé yìí, onílé wà níbẹ̀. Ẹ̀yin náà ti ṣòwò rí kẹ́ ẹ tó kọ́lé. Bẹ́ ẹ bá rí ọmọ tó níṣẹ́ lọ́wọ́, tí ọ̀gá ẹ̀ àti ẹgbẹ́ ẹ̀ jẹ́rìí sí i, kí ló dé tẹ́ ẹ ò fi lè gba ti oṣù mẹ́fà, tàbí oṣù mẹ́ta mẹ́ta? Ẹ̀yin ọ̀gá tẹ́ ẹ sì ń gba òṣìṣẹ́ láti ìlú míì, ẹ yá a lówó ilé, kẹ́ ẹ máa yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú owó oṣù. Òṣìṣẹ́ tó bá ń jí láago mẹ́rin ìdájí kó tó lè débi iṣẹ́, kí ló kù lára ẹ̀ tó máa fi ṣiṣẹ́?

N kò ní kẹ́ni má lọ sí Èkó. Àwọn tó lọ, tí wọ́n sì rí ṣe, ò lóǹkà. Ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá débẹ̀, tí ejẹ́ǹtì ní owó ọdún méjì ni, tó tún ní èèyàn mẹ́ta ti ń dúró de ilé náà, ẹ má jẹ́ kó kó yín láyà jẹ. Ẹ sọ fún un pé owó ọdún kan lẹ ní, òfin ló sì ní bẹ́ẹ̀. Bí kò bá gbà, ẹ jẹ́ káwọn mẹ́ta tó ń dúró gbà á. Yàrá tẹ́ ẹ̀ ń bá ọ̀rẹ́ gbé ṣì wà níbẹ̀, owó iṣẹ́ yín sì ṣì pé lọ́wọ́ yín.